Ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 12 nínú 16: ṣé Ọsirélíà ló le ni, àbí àwọn tó kù ni kò tó?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ rọ́gíbì líìgì dunjú, ẹ gbà mí. Ní Headingley ní Leeds, oṣù kọkànlá 2025, Ọsirélíà na Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 30 sí 8, wọ́n sì kó Ashes lọ, 3 sí 0 (ìdíje eré mẹ́ta láàárín Ọsirélíà àti Britain, tó ń fi orúkọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá á báyìí). Àwọn kan ní kó má ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá eré yìí sílẹ̀ ni Kangaroos, ikọ̀ Ọsirélíà, ti ń na gbogbo ayé. Àwọn mìíràn ní eré orílẹ̀-èdè mẹ́ta lásán ni, ta ni kò ní gba ife níbẹ̀? Èwo ni ká gbà? Kí sì ni àwọn ará Ọsirélíà ń ṣe tí àwọn tó ni eré gan-an kò rí ṣe?

* * *

Irọ́ wà nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1895 ni àwọn ẹgbẹ́ àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya kúrò lára rọ́gíbì yúníọ̀n, ní òtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield. Owó ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó ń wa èédú tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ, tó bá pa iṣẹ́ Sátidé jẹ kó lè wá gbá bọ́ọ̀lù, owó ọjọ́ yẹn ti lọ. Wọ́n ní kí wọ́n máa san ṣílè mẹ́fà dí i fún un, àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó ń darí eré láti Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ jálẹ̀. Ní 1906, àwọn tó yapa ti dín agbábọ́ọ̀lù 15 kù sí 13. Wọ́n sì fòfin sí i pé ẹni tí wọ́n bá gbé ṣánlẹ̀ yóò dìde, yóò fi ẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, eré yóò sì máa lọ.

Ìjà kan náà ló dé Sydney ní 1907: agbábọ́ọ̀lù tó bá ṣèṣe, àpò ara rẹ̀ ló fi ń tọ́jú ara rẹ̀. Dally Messenger, tí gbogbo ìlú ń wò bí ìran, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fò sọ́hùn-ún, òun ló sì fa èrò dání. Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1908 ni Ọsirélíà gbá eré àkọ́kọ́ wọn. New Zealand na wọ́n, 11 sí 10, ní Sydney, lójú àwọn èèyàn wọn.

Lópin ọdún yẹn wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Britain, àní wọ́n mú kangaroo ààyè dání. Eré mẹ́ta: ọ̀mì 22 sí 22 ní Lọ́ńdọ̀nù, 5 sí 15 ní Newcastle, 5 sí 6 ní Birmingham. Wọn ò jẹ ọ̀kan. Wọ́n padà lọ ní 1911 sí 1912, wọ́n sì gba Ashes, àmọ́ ọmọ New Zealand wà láàárín wọn, orúkọ tí wọ́n fi lọ sì ni Australasia. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò gba Ashes lórí ilẹ̀ Britain mọ́ títí di 1963. Nílé ara wọn ńkọ́? Lẹ́yìn 1920, ó di 1950. Ọgbọ̀n ọdún gbáko. Nínú ẹrẹ̀ ní pápá Sydney, ọjọ́ 22 oṣù keje 1950, tráì kan ṣoṣo (kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kọjá ìlà alátakò) tí Ron Roberts gbé sílẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀: 5 sí 2. Clive Churchill ni balógun wọn.

Ẹni tó bá ní wọ́n ti ń borí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń yọ̀ sí lọ́jọ́ yẹn.

* * *

*Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé Britain ò dára jù wọ́n lọ láyé ọjọ́ọ̀nì, pé gbígbóná lójú ni wọ́n fi ń borí.*

Mi ò gbà, àmọ́ mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Brisbane, ọjọ́ 5 oṣù keje 1958: ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni wọ́n ti gbá tí apá ọ̀tún Alan Prescott, balógun Britain, fi kán. Kò sí pààrọ̀ nígbà náà. Bó bá jáde, èèyàn 12 ni yóò bá 13 jà. Ó dúró, ó ń fi apá kan gbé èèyàn ṣánlẹ̀ títí eré fi parí. Britain borí, 25 sí 18.

Gbígbóná lójú nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin àìsípààrọ̀ yẹn náà ló sọ Britain sílẹ̀ nígbà tó yá. Ní Swinton, ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 1963, Eric Ashton àti Frank Myler ti Britain ṣèṣe, kò sì sẹ́ni tó lè rọ́pò wọn. Ọsirélíà gbé tráì 12 sílẹ̀, wọ́n borí 50 sí 12. Àwọn ará Britain kan ṣì ń sọ títí di òní pé èèyàn 11 ni wọ́n nà. Ó dáa. Wembley tó ṣáájú ńkọ́, tí Reg Gasnier nìkan ti gbé tráì mẹ́ta sílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ sì já sí 28 sí 2? Ṣé ọgbẹ́ ló fa ìyẹn náà?

Bó ti wù kó rí, 1963 kọ́ ni òpin. Britain lọ sí Ọsirélíà ní 1970, wọ́n fìdí rẹmi 15 sí 37 nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n sì jẹ méjì tó kù: 28 sí 7, 21 sí 17. Ashes tí wọ́n gbà kẹ́yìn nìyẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

* * *

Kí ló wá yí padà?

Ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn sábà máa ń tò: òfin, owó, ìdánrawò. Mo fi ìkẹrin kún un, ìkẹrin yẹn ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi jà lé lórí.

Òfin. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá di bọ́ọ̀lù mú lè mú un títí wọn yóò fi ṣì í. Ìdajì eré lè parí kí ẹgbẹ́ kejì má tíì fọwọ́ kàn án. Ní Ọsirélíà, 1967 ni wọ́n fòpin sí i: bí wọ́n bá ti dá ọ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin (ìdámọ́lẹ̀ mẹ́rin), kí o gbé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Mẹ́rin kéré jù, gbogbo eré di gbá-lọ-gbá-bọ̀. Wọ́n sún un sí mẹ́fà ní 1971, mẹ́fà ló sì wà títí dòní.

Owó. Ìjọba New South Wales fàyè gba ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ní 1956, àwọn kílọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ Sydney sì tò ó sí gbọ̀ngàn wọn. Èèyàn ń mu bíà, ó ń fa ẹ̀rọ, owó ń wọlé fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Queensland ò ní irú ẹ̀, nítorí náà Sydney ń rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ògbóǹtarìgì wá ń bá ara wọn jà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní ìlú kan ṣoṣo.

Ìdánrawò. Jack Gibson, akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Sydney, kọ́ ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: gbígbé irin, fífi fíìmù yẹ eré wò, kíka iye èèyàn tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan dá mọ́lẹ̀. Àwọn tó ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ni Britain bá pàdé ní 1982.

* * *

Ìkẹrin: State of Origin. Òun ni mo rò pé ó wúwo jù.

Kó tó di 1980, ìpínlẹ̀ tó o ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun lo máa gbá fún. Ọmọ Queensland tí Sydney rà yóò wọ aṣọ New South Wales, yóò sì wá na àwọn ará ilé rẹ̀. Láti 1959, Queensland ò tíì borí nínú ìdíje yẹn. Lọ́jọ́ 8 oṣù keje 1980, ní Lang Park, Brisbane, wọ́n dán an wò pé kí kálukú gbá fún ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Arthur Beetson, ọmọ ìlú Roma, tó ti pé ọdún 35, ló jẹ́ balógun Queensland. (Òun náà ni ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà (Aboriginal) àkọ́kọ́ tó di balógun Ọsirélíà nínú eré ìdárayá èyíkéyìí, ní 1973.) Queensland borí, 20 sí 10.

Kí nìyẹn ṣe fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè? Ó sọ ọdún kọ̀ọ̀kan di ìdánwò. Láti 1982, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni àwọn 26 tó dára jù ń forí gbárí, ìyàtọ̀ àmì méjì tàbí mẹ́rin, ariwo ń dún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ibẹ̀ ni yóò ti hàn, kì í ṣe ní Wembley. Àwọn tó ń yan Kangaroos ò ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́.

*Ẹnìkan ní: “Ọ̀gá mi, àwọn tó gbá ní 1963 ò mọ Origin, wọ́n sì nà wọ́n 50.”*

Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn ará 1963 kan náà, Origin ò sí, wọ́n fìdí rẹmi 5 sí 16 ní Headingley lẹ́yìn Swinton. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn sì sọ Ashes nù ní 1970. Wọ́n lè borí, wọn ò lè borí ní àborítúnborí. Iyàn mi nìyẹn.

* * *

Ẹni tí kò bá tíì wo eré yìí rí, ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán ìdámọ́lẹ̀ mẹ́fà fún un, torí níbẹ̀ ni Kangaroos ti ń pa èèyàn, kì í ṣe nínú tráì aláràbarà.

Wọ́n mú bọ́ọ̀lù nítòsí ìlà tiwọn. Ìkíní sí ìkẹta: àwọn abara-gbà-yà iwájú ń fi àyà ṣí ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá gbé èèyàn ṣánlẹ̀, àwọn alátakò gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn mítà 10 (márùn-ún ni tẹ́lẹ̀, 1993 ni wọ́n sún un), àyàfi àwọn méjì tó lè dúró síwájú rẹ̀. Eré gidi wà nínú bí ẹni tó ṣubú ṣe yára dìde tó. Bó bá dìde kíá, àwọn alátakò ṣì ń sáré padà sẹ́yìn, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbé bọ́ọ̀lù, yóò sì bá wọn kí ẹsẹ̀ wọn tó dúró. Bí wọ́n bá rọ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, ògiri ti tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ kí èèyàn mẹ́ta dì mọ́ ẹnìkan: ọ̀kan ní ẹsẹ̀, méjì lókè níbi bọ́ọ̀lù wà, kó má rí ọwọ́ fi ju bọ́ọ̀lù síta.

Lẹ́yìn ìkarùn-ún, wọ́n á gbá a. Bí wọ́n bá dá ọ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹfà, ibi tó o ṣubú sí lo máa gbé bọ́ọ̀lù fún wọn, o ò sì ní fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ. Nítorí náà, gbá a sí igun, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìlà tiwọn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà ìkíní. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn alátakò ní mẹ́fà tuntun níwájú ilé rẹ, ìwọ tó ò sinmi lo tún máa dá wọn mọ́lẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ẹsẹ̀ àwọn òṣìrìgbọ̀ àárín ti di òjé, ìkẹta ni tráì. Kangaroos kì í ju bọ́ọ̀lù nù nígbà ìkíní. Gbogbo àṣírí ọ̀hún kò ju ìyẹn lọ, ó sì súni láti wò nígbà mìíràn, mo gbà.

* * *

1982 kí ẹ lè rí i pẹ̀lú nọ́ńbà. Boothferry Park, Hull, ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá: Ọsirélíà 40, Britain 4. Àmì mẹ́ta ni tráì kan nígbà náà. Mẹ́rin ló di lẹ́yìn náà. Tráì mẹ́jọ jẹ́ 24, Mal Meninga sì gbá bọ́ọ̀lù mẹ́jọ gba àárín òpó, 16. Lówó tòní, 48 nìyẹn ì bá jẹ́. Eré 22 ni wọ́n gbá ní Britain àti Faransé, wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀. Kò sí ikọ̀ kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú wọn. Frank Stanton ló kọ́ wọn, Max Krilich ni balógun. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Wally Lewis kó àwọn mìíràn lọ: eré 20, wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ti Hull kì í ṣe tráì. Ọ̀rọ̀ táwọn oníròyìn Britain ń kọ lẹ́yìn rẹ̀ ni: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn bóyá ó yẹ kí agbábọ́ọ̀lù máa gbé irin.

* * *

“Eré orílẹ̀-èdè mẹ́ta.”

Àròyé kejì nìyí, òun ló sì le jù láti dá lóhùn, torí ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Ife àgbáyé 16 ti wáyé láti 1954. Britain gba mẹ́ta: 1954, 1960, 1972. New Zealand gba ọ̀kan, 2008. Méjìlá tó kù, Ọsirélíà. Àwọn ìdíje kan kéré gan-an: ti 1957, ikọ̀ mẹ́rin ni, kò sí àṣekágbá, ti 1975 náà, kò ní àṣekágbá.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé nínú Ọsirélíà fúnra rẹ̀, eré yìí kì í ṣe ti gbogbo ìlú. New South Wales àti Queensland ló ni ín. Ní Melbourne, bọ́ọ̀lù àwọn Ọsirélíà fúnra wọn, èyí tí wọ́n ń gbá lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, lọba. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ń tò síwájú wọn kí wọ́n wá ṣà.

Àṣekágbá 1972, ní Lyon, ni kí ẹ wò bí ẹ bá ń wá ibi tí ìyà ti jẹ Ọsirélíà. Èèyàn bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló wá wò ó. Clive Sullivan, balógun Britain, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè Britain nínú eré ìdárayá èyíkéyìí, sá já gbogbo pápá láti gbé tráì sílẹ̀. Graeme Langlands ti Ọsirélíà fò mú bọ́ọ̀lù kan, ó sì gbé e sílẹ̀ kọjá ìlà. Rẹfirí ní ó ti ṣáájú bọ́ọ̀lù, kò ka tráì náà. Ọ̀mì, 10 sí 10, àfikún àsìkò kò sì yí i padà. Britain gba ife torí pé wọ́n ṣe dáadáa jù nínú eré ìṣáájú. Ọsirélíà ò gbàgbé ìyẹn.

Ti 1995 ńkọ́? Ìjà owó tẹlifíṣọ̀n ti pín eré sí méjì ní Ọsirélíà, àwọn tó ń darí kò sì yan ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé Super League, apá tó yapa. Ìdajì ògbóǹtarìgì wọn ló kù nílé. Wọ́n fìdí rẹmi sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní eré àkọ́kọ́, 16 sí 20. Wọ́n padà wá bá wọn ní àṣekágbá ní Wembley, wọ́n jẹ, 16 sí 8. Ẹni tó bá ní ikọ̀ yìí ò le, kó ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

* * *

*Àbúrò kan ń béèrè bóyá ọmọ Nàìjíríà kankan ti bá wọn pàdé.*

Bẹ́ẹ̀ ni o. Martin Offiah: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀. Ní Wembley, 1990, òun àti Paul Eastwood ló gbé tráì mẹ́ta Britain sílẹ̀, Eastwood méjì, òun ọ̀kan, wọ́n sì na Ọsirélíà 19 sí 12. Ère rẹ̀ wà níwájú pápá Wembley lónìí.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e ní Old Trafford. Ricky Stuart ti Ọsirélíà ju bọ́ọ̀lù kan tí Paul Loughlin já gbà, ó di tráì fún Britain. 10 sí 10, àsìkò ti ń tán, ọ̀mì sì sún mọ́lé. Stuart kan náà mú bọ́ọ̀lù jìnnà réré sí ìlà Britain, ó ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú, kò jù ú, ó já wọ inú àlàfo. Meninga sáré tẹ̀ lé e, ó gbà á, ó gbé e sílẹ̀: 14 sí 10. Eré kẹta, 14 sí 0.

Nílé wa náà, Èkó gba àlejò ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà àti Àárín Ìlà-oòrùn ní 2019, Nàìjíríà ló sì gbà á. Ọ̀nà ṣì jìn.

* * *

Báwo ni wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi? Ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju inú àwọn ìṣẹ́gun lọ.

2008, àṣekágbá, Brisbane. Billy Slater ti Ọsirélíà mú bọ́ọ̀lù nítòsí ìlà tiwọn, wọ́n ń tì í síta, kó má bàa jáde ó jù ú sínú pápá láìwo ibi tó ń lọ. Benji Marshall gbà á, ó kàn gbé e sílẹ̀ ni. New Zealand 34, Ọsirélíà 20. Wayne Bennett, ọmọ Queensland pọ́ńbélé, wà lára àwọn tó kọ́ New Zealand. Kì í ṣe pé Slater ò mọ̀ ọ́n gbá. Bó bá jẹ́ kí wọ́n tì í síta, ìdámọ́lẹ̀ mẹ́fà péré ni yóò fún wọn. Ó yan èyí tó burú jù nínú méjì.

Ní 2013, Slater yẹn kan náà, Cameron Smith àti Cooper Cronk, tí wọ́n jọ ń gbá fún Melbourne Storm tí wọ́n sì jọ ń gbá fún Queensland, wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí àmì 20 jẹ lára wọn ní eré àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, eré márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbé tráì kan sílẹ̀. New Zealand 2, Ọsirélíà 34 ní àṣekágbá.

Ewu tuntun kì í ṣe Britain. Àwọn ọmọ erékùṣù tó ń gbá ní Sydney àti Brisbane ti ń yan ilẹ̀ bàbá wọn: Andrew Fifita fi Ọsirélíà sílẹ̀ lọ sí Tonga ní 2017, Tonga sì na Ọsirélíà 16 sí 12 ní 2019. Samoa dé àṣekágbá ní 2022, wọ́n fìdí rẹmi 10 sí 30. New Zealand na Ọsirélíà 30 sí 0 ní 2023, ìyà tó tóbi jù tí Kangaroos jẹ rí. Gbogbo wọn ń jẹun nínú ìdíje kan náà, NRL, líìgì àwọn ẹgbẹ́ Ọsirélíà. Ọbẹ̀ kan náà ni, ìkòkò ló yàtọ̀.

* * *

Ẹ padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìbéèrè yín. Ní 2003, tó ṣì jẹ́ orúkọ Britain ni wọ́n fi gbá Ashes, àlàfo náà kò tó bẹ́ẹ̀: 22 sí 18, 23 sí 20, 18 sí 12. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fìdí rẹmi, lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta sì ni wọ́n sún mọ́ ọn. Àṣekágbá 2017, 6 sí 0: Boyd Cordner gbé tráì kan sílẹ̀, Kallum Watkins já lọ, Josh Dugan fi ìka kan an ní kókósẹ̀, ó ṣubú. Ìka yẹn ni ife.

Lẹ́yìn 2003, ọdún 22 ló kọjá kí wọ́n tó tún gbá Ashes. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni àwọn ará Sydney àti Brisbane ń ṣe irú eré yẹn láàárín ara wọn. Ní 2025: 26 sí 6 ní Wembley, 14 sí 4 ní pápá tuntun Everton, 30 sí 8 ní Headingley. Ẹ ṣírò rẹ̀: 70 sí 18. Ife àgbáyé tó tẹ̀ lé e, ti 2026, Ọsirélíà ni olórí olùgbàlejò rẹ̀.